Vals, Termas Geométricas tàbí Blue Lagoon: èwo ló bá omi àti ilẹ̀ yín mu?

Ẹni tó ní orísun omi gbígbóná lórí ilẹ̀ rẹ̀, tó sì fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìwẹ̀, àwòrán ló sábà máa ń kọ́kọ́ fà á lójú. Ó rí omi búlúù tó dà bíi wàrà ní Áísílándì, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́. Ibẹ̀ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò, nítorí omi tirẹ̀ yàtọ̀ sí omi yẹn, ilẹ̀ tirẹ̀ náà sì yàtọ̀. Kí ibi ìwẹ̀ tó lè bá ilẹ̀ mu, omi àti ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pinnu ìrísí rẹ̀ kí bíríkìlà tó dé. Bí a bá kọ́ ilé tán ká tó máa fi koríko bò ó, ojú á ṣì rí i pé àjèjì ni.

Ibi mẹ́ta la fẹ́ fi wéra. Therme Vals ní Swítsálándì ni wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè. Termas Geométricas ní Chile ni wọ́n gbé kọ́ sínú àfonífojì tóóró. Blue Lagoon ní Áísílándì ni wọ́n tẹ́ sáàárín àpáta dúdú. Lẹ́yìn náà, a ó gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lórí Ìkògòsì ní Èkìtì, torí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pe ayàwòrán ilé.

Àkọ́kọ́ ni bí omi ṣe gbóná tó. Ẹ ti tẹmọ́mítà bọ ojú orísun gan-an, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní mítà 10 àti mítà 50 sísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ló máa sọ bí ibi ìwẹ̀ ṣe lè jìnnà tó.

Èkejì ni bí omi ṣe pọ̀ tó. Ẹ darí gbogbo omi náà sínú korobá lítà 20, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, lítà 5 ló ń ṣàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù fún odindi ọdún kan. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà òjò máa kọ́ adágún tí ẹ̀ẹ̀rùn kò ní lè bọ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nínú omi: pH rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe kan tó, pẹ̀lú sílíkà (èròjà tó wà nínú iyanrìn), iyọ̀, irin àti imí ọjọ́. Ẹ rọ omi kún ìgò mímọ́ dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má ráyè sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹrin ni omi tútù: ṣé ó wà nítòsí, tàbí kò sí?

Ìṣirò kan wà tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ojú omi ni ìgbóná ti ń sá lọ jù, bí omi ṣe ń di èéfín. Nínú afẹ́fẹ́ 5°C, bí atẹ́gùn kò bá pọ̀, mítà onígun mẹ́rin kan lára adágún 40°C máa ń pàdánù nǹkan bíi kílówáàtì 1.2, ìyẹn kílójúùlù ìgbóná 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí atẹ́gùn mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá bá ń fẹ́ gba ojú rẹ̀, ó máa ju kílówáàtì 2 lọ. Lítà omi kan tó tutù ní dígírì kan máa ń fi kílójúùlù 4.2 sílẹ̀. Nítorí náà, adágún tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 50, tó ń pàdánù kílówáàtì 60, kò nílò ju lítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá bí omi bá wọlé ní 60°C, torí pé dígírì 20 ni yóò fi tutù kó tó di 40°C. Bó bá jẹ́ 42°C ló ń wọlé, dígírì méjì péré ni, lítà 7 ló máa gbà. Omi tó gbóná díẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, tàbí kí adágún rẹ̀ kéré. Kò sí ẹ̀wà tó lè ti ìṣirò yìí sẹ́yìn.

Vals: rírì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè

Peter Zumthor ló ya ilé yìí, wọ́n sì ṣí i ní 1996. Ẹni tó bá dúró lókè rẹ̀ kò ní rí ju pápá koríko tí wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ pín sí wẹ́wẹ́. Òrùlé ni pápá náà, gíláàsì sì ni àwọn ìlà yẹn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí omi. Òkúta àfonífojì náà ni wọ́n fi mọ ògiri, nǹkan bíi pẹlẹbẹ 60,000. Oríṣi ìpọn mẹ́ta ni wọ́n gé wọn sí: mílímítà 31, 47 àti 63. Bí wọ́n bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra pẹ̀lú àlàfo àárín wọn, sẹ̀ǹtímítà 15 ló máa ń jẹ́. Bíríkìlà lè to ó bó ṣe wù ú, síbẹ̀ ìlà àtẹ̀gùn, ìlà ìjókòó àti ìlà ojú omi á bára wọn mu. Ọgbọ́n yìí dára láti kọ́ níbikíbi tí òkúta bá ti ń là ní pẹlẹbẹ.

Irin wà nínú omi Vals. Ní ọ̀nà àbáwọlé, omi ń ṣàn láti ẹnu páìpù idẹ sórí ògiri, ó sì fi àbààwọ́n aláwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò fọ̀ ọ́ kúrò. Àbààwọ́n yẹn ló ń sọ fún àlejò pé inú ilẹ̀ ni omi yìí ti wá. Ẹni tí omi tirẹ̀ náà bá ní irin, tó wá fi táìlì funfun ṣe ògiri, á máa fọ táìlì títí ayé.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti nira. Nǹkan bíi 30°C ni omi orísun Vals. Adágún inú ilé jẹ́ 32°C, ti ìta máa ń tó 36°C nígbà òtútù, adágún kékeré tí wọ́n ń pè ní “ìwẹ̀ iná” sì jẹ́ 42°C. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún omi gbóná. Ilé tó ní òrùlé kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé ìgbóná lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà yìí fi bá omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ mu ní ilẹ̀ olótùútù, àmọ́ owó iná kò ní tán láéláé.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni omi òjò tó ń ti ẹ̀yìn ògiri wá. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 sí ẹ̀yìn ògiri tó wà nínú ilẹ̀, kí páìpù onílùú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó máa kó omi jáde. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri á máa sunkún láàárín ọdún méjì. Erùpẹ̀ òrùlé tó jin sẹ̀ǹtímítà 15 máa ń wúwo tó kílógíráàmù 270 lórí mítà onígun mẹ́rin kan bí omi bá ti mu ún yó, láì tíì ka yìnyín. Ẹni tó ń ṣírò ọ̀pá irin gbọ́dọ̀ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè fi kún un lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan.

Termas Geométricas: gbígbé e kọ́ sínú àfonífojì

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ló wù wá jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti kọ́ níbòmíràn. Germán del Sol ló yà á, nítòsí Coñaripe, nínú igbó tó wà lẹ́bàá òkè ayọnáyèéfín Villarrica. Orísun tó lé ní 60 ló wà níbẹ̀, omi wọn ń jáde ní nǹkan bíi 80°C, lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀nà pákó pupa kan ló gba inú àfonífojì náà kọjá, gígùn rẹ̀ tó mítà 450, adágún 17 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀nà pákó yìí ni ọ̀gbàrà onípákó tó ń gbé omi gbígbóná wà. Ọ̀nà kan náà ni ènìyàn àti omi ń gbà, nítorí náà wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọ̀nà mìíràn nínú igbó fún páìpù. Ìgbóná tó ń gòkè láti inú ọ̀gbàrà náà tún ń yọ́ yìnyín kúrò lórí pákó.

Àwọ̀ pupa yẹn máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ṣé bí nǹkan ṣe ń bá ilẹ̀ mu nìyí? Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé pákó nìkan ni ọwọ́ ènìyàn tó hàn. Àpáta, igi àti odò wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé kí ó lè sá pamọ́ kò lè ṣe ilẹ̀ lóore tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà pákó fẹ̀ tó mítà 1.2 sí 1.5, kí ó má gòkè ju mítà kan lọ nínú mítà 12. Pákó tó nípọn tó mílímítà 45 ni kí ẹ lò, kí igi abẹ́ rẹ̀ má jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí àlàfo mílímítà 8 sí 10 sì wà láàárín pákó kan àti èkejì. Àlàfo tó bá ju ìyẹn lọ á máa gé ọmọdé lẹ́sẹ̀, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ á gba omi dúró, pákó á sì rà. Òpó kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má ṣe da kọnkéré gígùn la inú àfonífojì kọjá, nítorí yóò gé gbòǹgbò igi, á sì yí ọ̀nà omi ilẹ̀ padà.

Ti adágún: kí ó jin tó mítà kan sí mítà 1.2, kí ìjókòó wà ní sẹ̀ǹtímítà 45 sábẹ́ ojú omi. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ní ìgun kan ni kí omi ti wọlé, ojú omi ní ìgun kejì ni kí ó ti jáde. Bí ẹ bá mú un wọlé láti òkè, orí àti ọrùn á máa jó, ẹsẹ̀ á sì máa tutù. Páìpù mílímítà 110 ni kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ lè tú adágún sílẹ̀ ní alẹ́ kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Adágún tó gba lítà 60,000, tí lítà 5 ń wọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Ìyẹn ni ìmọ́tótó omi tí kò ní kẹ́míkà.

Ewu méjì ló wà nínú àfonífojì. Ìkún omi ni èkíní: ẹ wo pàǹtí tó há sára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí ojú adágún ga ju ibẹ̀ lọ. Gáàsì ni èkejì. CO₂ (gáàsì tí à ń mí síta) àti gáàsì onímí-ọjọ́ tó ń bá omi jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò ni wọ́n máa ń dúró sí ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Gáàsì onímí-ọjọ́ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi ògiri tó dí pa yí adágún tó wà nísàlẹ̀ ká, kí ihò atẹ́gùn yàrá ìwọṣọ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe lókè nìkan.

Blue Lagoon: títẹ́ ẹ sáàárín òkúta

Ọ̀pọ̀ ló rò pé orísun àdáyébá ni. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Svartsengi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ló ń da omi oníyọ̀ rẹ̀ sórí àpáta tó wá láti inú òkè ayọnáyèéfín. Sílíkà inú omi náà dí ihò àpáta, omi sì dúró. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bíi 1981, ní 1999 ni wọ́n kọ́ ibi ìwẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí, iṣẹ́ Sigríður Sigþórsdóttir sì ni. Omi náà jẹ́ nǹkan bíi 37 sí 40°C. Àwọ̀ rẹ̀ kò ti inú ọ̀dà wá: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kan sílíkà tín-tìn-tín inú omi ló ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ kò ní sílíkà kò lè rà á.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni bí àlejò ṣe ń wọlé. Ọ̀nà tóóró ló gba àárín àpáta, ògiri òkúta ga ju orí lọ ní ọ̀tún àti òsì, kò sí omi kankan lójú títí ẹ̀yin fi dé ibẹ̀. Kì í náni lówó púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ gba ojú omi. Ní Sky Lagoon tí wọ́n ṣí ní 2021 ní Kópavogur, erùpẹ̀ àti koríko tí wọ́n gé ní bíríkì ni wọ́n fi mọ ògiri, bí àwọn ará Áísílándì ṣe ń kọ́lé láyé àtijọ́, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe.

Ewédò tó bo àpáta yẹn kì í tètè hù padà: ìtẹ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́ kan lè hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà ẹ ta okùn yí ilẹ̀ ká kí katakata tó wọlé, ibi tí ọ̀nà àti adágún máa wà nìkan ni kí ó tẹ̀. Sílíkà kan náà tó ń dí ilẹ̀ máa ń dí páìpù. Bí omi ṣe ń tutù ló ń jábọ́, orí ìgun páìpù àti ẹnu ìdarí omi ló sì máa ń dì sí jù. Páìpù kúkúrú tí a lè tú pẹ̀lú bóòtì ni kí ẹ lò, kí ìgun má pọ̀. Ẹ sì rántí ibi tí ilẹ̀ náà wà: ní oṣù kọkànlá 2024, àpáta yíyọ́ bo ibi ìgbọ́kọ̀sí Blue Lagoon.

Bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Vals | Termas Geométricas | Blue Lagoon |
|---|---|---|---|
| Omi tó bá a mu | lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kò pọ̀ | gbígbóná gan-an, ó pọ̀ díẹ̀ | ó pọ̀ gan-an, ó ní sílíkà |
| Ilẹ̀ | gẹ̀rẹ́ òkè tó dúró gbọn-in | àfonífojì onígbó | pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókùúta |
| Ohun tó ń hàn | òrùlé koríko | pákó nìkan | omi àti àpáta |
| Gbígbẹ́ ilẹ̀ | púpọ̀ | díẹ̀ | ìwọ̀nba |
| Ìnáwó ìtọ́jú tó le jù | mímú omi gbóná, ògiri tó ń jò | pààrọ̀ pákó | sílíkà inú páìpù |
| Ẹ sá fún un bí | ilẹ̀ bá ń yẹ̀ | odò bá ń kún àkúnya | omi bá kéré |

Mímú omi tó gbóná jù wá sílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni. Ní ibi ìwẹ̀ Krauma ní Áísílándì, omi orísun Deildartunguhver ń jáde ní 97°C, omi tútù ni wọ́n sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: láti fi omi 80°C àti omi 10°C ṣe 40°C, ẹ ó pò ó ní lítà 4.3 ti gbígbóná sí lítà 5.7 ti tútù. Ní Kusatsu ní Jàpáànì, ọ̀gbàrà onípákó ni omi kọ́kọ́ ń gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi rọlẹ̀, kí ohun inú rẹ̀ má bàa dín kù. Bí ẹ bá ní omi tútù tó mọ́, ẹ pò ó. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ṣe ọ̀gbàrà. Omi Kusatsu kan gan-an, ìdí tí pákó fi dára jù níbẹ̀ nìyẹn, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ sìmẹ́ńtì. Níbi tí iyọ̀ bá pọ̀, irin aláìdípẹtà oríṣi 316 ni kí ẹ béèrè. Oríṣi 304 máa ń lu ihò kéékèèké.

Omi 25 sí 45°C tó dúró ni Legionella, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ń fẹ́. Ẹ má ṣe fi ìdí páìpù tí omi kì í ṣàn nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún ohun tó ń fọ́n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sáfẹ́fẹ́. Naegleria fowleri, kòkòrò tó ń ti imú wọ ọpọlọ, lè wà nínú omi gbígbóná tí a kò fi kẹ́míkà sí. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i pé kí wọ́n má ti orí bọ omi.

Ní Ìkògòsì ńkọ́?

Kò sí òkè ayọnáyèéfín níbẹ̀. Òjò ló ń gba ojú àlàfo àpáta Ẹ̀fọ̀n wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, tó ń gbóná níbẹ̀, tó sì ń padà jáde. Odò lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti odò tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ìpàdé yẹn ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ nǹkan kan lé e lórí.

Ọ̀nà Termas Geométricas ni a ó mú, àmọ́ a ó dín in kù. Blue Lagoon kò ṣeé ṣe, omi kò ní sílíkà tó bẹ́ẹ̀. Vals á wú igbó kúrò lásán, nígbà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tutù tó láti béèrè ilé. Bí omi bá dé adágún ní 37.5°C, tí ẹ sì fẹ́ kí ó wà ní 36°C, adágún mítà onígun mẹ́rin 20 á pàdánù nǹkan bíi kílówáàtì 10 nígbà tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 25°C tó sì lọ́rinrin. Lítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá á tó o. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè gbé e dé kílówáàtì 30, tí lítà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5. Òwúrọ̀ ọyẹ́ yìí kan náà sì ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń dùn mọ́ ara jù. Nítorí náà kí adágún kéré, kí ó súnmọ́ ojú orísun, kí ẹ sì gbin igi wẹ́wẹ́ sí ìhà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ẹ yọ apá kan omi nìkan, kí ìyókù máa lọ síbi ìpàdé bó ti ń lọ. Adágún lílọ́ wọ́ọ́rọ́ méjì àti tútù kan, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra, á fún àlejò ní ohun tí Vals ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ìrókò ni kí ẹ fi ṣe ọ̀nà pákó, kí ẹsẹ̀ òpó wà lórí kọnkéré tó yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 20 kúrò lára ilẹ̀, kí ẹ lè máa rí ọ̀nà ikán bó bá ń gùn ún. Òkúta Ẹ̀fọ̀n ń là ní pẹlẹbẹ. Ẹ fi ṣe ìjókòó, ṣùgbọ́n ẹ má dán ojú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Òrùlé koríko kò yẹ níbi tí òjò ti pọ̀ tó báyìí, ìbòòji igi tó wà níbẹ̀ ti tó. Omi tó bá ń jáde láti inú adágún, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba kòtò aláìjìn kan tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ó rọlẹ̀ kí ó tó bọ́ sódò, kí ẹja má bàa sá. Kí omi inú kòtò náà máa ṣàn lọ, nítorí ẹ̀fọn.